Ṣé agbára ogún ọkùnrin ni Dracula ní lójúmọmọ? Ìdáhùn fún àbúrò tó yá ẹ̀dá ìtàn lò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la jọ ń kọ ìtàn kan, tí ọ̀kan bá kọ apá tiẹ̀ tán òmíì á gbà á, kálukú ló sì ní ẹ̀dá ìtàn tó mú wá. Dracula lèmi yá, òkú inú ìwé tó ń jí lóru tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Níbi tí mo kọ kẹ́yìn, òun àti ajagunbìnrin tí ọ̀rẹ́ mi kan mú wá pàdé, ọmọ ogun mẹ́ta ló tẹ̀lé ajagun yẹn, mo wá kọ ọ́ pé Dracula gbá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, torí ìwé sọ pé agbára ẹ̀ tó ti ogún ọkùnrin. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, ó ní ajagun òun nawọ́ fa kọ́tìnì, oòrùn wọlé, Dracula sì jó di eérú. Mo ní kò síbì kankan nínú ìwé tí oòrùn ti pa á, òun ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé oòrùn ló ń pa irú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí agbára ẹ̀dá tí kì í ṣe tiẹ̀ mọ, àti ibi tó kù sí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ kó o fọkàn balẹ̀, torí ohun tó dá yín dúró yẹn gan-an ló lè mú ìtàn yín dùn jù. Jẹ́ n kọ́kọ́ fún ẹ ní ìdájọ́ tó o béèrè ká tó tú u palẹ̀. Lórí pé oòrùn ń pa Dracula, ìwọ lo jàre, kò sí i nínú ìwé. Lórí pé ó gbá èèyàn mẹ́rin mọ́ ògiri, o ò jàre, ìwé yẹn kan náà ni mo sì máa fi dá ẹ lẹ́bi. Ọ̀rẹ́ ẹ náà ṣẹ̀, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú oòrùn, a máa débẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì ò kíyè sí. Tí oòrùn bá lè gba ojú fèrèsé wọlé, a jẹ́ pé ojúmọmọ ni ìjà yẹn ṣẹlẹ̀ nìyẹn. O rántí ogún ọkùnrin, o gbàgbé láti béèrè pé ogún ọkùnrin nígbà wo? Nínú ìwé tí Bram Stoker gbé jáde ní 1897, ẹnu Van Helsing, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣáájú àwọn tó ń lépa Dracula, lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, lọ́jọ́ tó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jọ tó ń ṣàlàyé irú ẹ̀dá tí wọ́n fẹ́ lọ kojú. Ó ní ó lágbára tó ogún ọkùnrin, ó lè pàṣẹ fún ìkookò àti eku àti òwìwí àti àdán, ó lè fa ìjì àti kùrukùru, ó ń ríran nínú òkùnkùn, ó lè tóbi, ó lè kéré. Níbi ìpàdé yẹn kan náà ló ti sọ pé agbára ẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ó ní kò lè kọ́kọ́ wọ ilé kankan àfi tí ẹnìkan nínú ilé bá ní kó wọlé, tí wọ́n bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan ṣá, ó lè máa wọlé bó ṣe wù ú. Kò lè kọjá omi tó ń ṣàn àfi nígbà tí omi bá kún tàbí tó bá dúró jẹ́ẹ́. Tí kò bá sì sí níbi tó so mọ́, bí ibi tó ń sùn sí, kò lè pa ara dà àfi lọ́sàn-án gangan, tàbí ìṣẹ́jú tí oòrùn ń yọ gan-an, tàbí ìṣẹ́jú tó ń wọ̀. Ẹnu kan náà, ìjókòó kan náà. Tó o bá gé ìdajì àkọ́kọ́ mú tó o fi ìyókù sílẹ̀, apá Dracula nìkan lo gbé wá sínú ìtàn yín, o fi ìyókù ara ẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá yá ẹ̀dá ìtàn pé kó kọ́kọ́ béèrè pé ta ló sọ pé ẹ̀dá yìí lágbára, ṣé ó rí i ni àbí ó gbọ́ ọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ohun tí Van Helsing kà nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ àti ohun tó gbọ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ogún yẹn kì í ṣe pé ẹnìkan dúró kà á. Fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n fojú rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, nígbà tí Jonathan Harker, lọ́yà ọ̀dọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ gun ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó máa gbé e lọ sí ilé olódi Dracula, awakọ̀ dì í lápá mú láti ràn án lọ́wọ́, Harker ní ọwọ́ yẹn dà bí irin, ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó yé e pé Dracula fúnra ẹ̀ ló wa ọkọ̀. Ó tún rí i lálẹ́ tó ń rá sọ̀kalẹ̀ lára ògiri ilé, orí ló kọjú sílẹ̀, bí alángbá. Àwọn yẹn tóbi lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Àmọ́ wo Renfield, alárùn ọpọlọ tí wọ́n tì mọ́lé. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí agbára Dracula yẹ kó pé pérépéré, ọkùnrin kan ṣoṣo yìí gbá a mú, ó dì í mọ́wọ́, ó ní òun tiẹ̀ ti rò pé òun máa borí, àfìgbà tí òun rí ojú ẹ̀ ni agbára òun dómi.

Ẹnìkan ṣoṣo lo gbọ́ yẹn o, ogún dà? Ibi tó yẹ kéèyàn dúró rò ó nìyẹn. Ojú ni Dracula fi borí Renfield. Tó bá jẹ́ èmi ni mo yá a, ohun tí mo máa kọ sílẹ̀ ni pé ara ẹ̀ le, ó yá ju èèyàn lọ, àmọ́ ohun ìjà ẹ̀ tó lágbára jù ni pé kó mú èèyàn kó má lè fẹ́ láti jà mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ báyìí máa rí ìran tó kún fún nǹkan kọ. Ẹni tó bá kọ ogún ọkùnrin, ìṣirò ló máa máa ṣe: wọ́n jẹ́ mẹ́rin, èmi jẹ́ ogún, mo borí.

Wá jẹ́ ká wá lọ sí ojúmọmọ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tiyín. Ọjọ́ kẹta oṣù October, lọ́sàn-án, ọkùnrin márùn-ún lúgọ dè é nínú ilé tó rà sí Piccadilly ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ó ti kọjá gbogbo wọn sínú yàrá kẹ́nikẹ́ni tó lè nawọ́. Harker fa ọ̀bẹ ńlá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yọ, ó ṣá a, Dracula yẹ̀ ẹ́ fín-ín báyìí, orí ọ̀bẹ wá la kóòtù ẹ̀ níwájú, owó bébà pẹ̀lú owó góòlù tú jáde dà sílẹ̀. Àwọn tó kù gbé àgbélébùú sókè, ó ń fà sẹ́yìn. Bí Harker ṣe fẹ́ ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, Dracula gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá, ó ha ẹ̀kúnwọ́ owó nílẹ̀, ó sáré gba yàrá kọjá, ó fi ara la gíláàsì fèrèsé, ó já sí àgbàlá ìsàlẹ̀, kò farapa, ó dìde. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin, ó wá yíjú padà, ó ń lérí sí wọn pé ẹ̀san òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, pé àkókò ń bẹ lẹ́yìn òun.

Tún un kà dáadáa. Ẹ̀dá tó o ní ó gbá èèyàn mẹ́rin mọ́ ògiri lọ́sàn-án, lójú ìwé tó ti wá, èèyàn márùn-ún lé e jáde nílé ara ẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀bẹ kan ṣoṣo àti àgbélébùú ló sì lé e. Bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀ ò di ti èèyàn lásán, o rí i pé ó fò kọjá wọn, o rí i pé ó já láti ojú fèrèsé kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìtumọ̀ tí mo fún un ni pé lójúmọmọ, ara ẹ̀ ṣì yá ó ṣì le, ohun tó sọnù ni pé kò lè pa ara dà kó sá di kùrukùru, torí náà ọ̀bẹ di nǹkan tó ń bẹ̀rù. Òǹkàwé míì lè sọ pé agbára ẹ̀ lọ pátápátá, torí Van Helsing ní ó máa ń dáwọ́ dúró. Ìwé gba méjèèjì. Èyí tí ìwé ò gbà ni tìẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìran yẹn ni ohun tí Van Helsing sọ lẹ́yìn tó sá lọ tán. Ẹ̀rù ń ba àwọn tó kù, wọ́n ti gbọ́ ìhàlẹ̀. Òun ní kí wọ́n má fiyè sí ìhàlẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó ṣe: ó ń bẹ̀rù wọn, ó ń bẹ̀rù àkókò, ó ń bẹ̀rù àìní, àbí kí ló ń lé e tó fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó kó owó? Àbúrò, bí wọ́n ṣe ń ka àìlera ẹ̀dá ìtàn nìyẹn. Owó! Ẹ̀dá tó ń sọ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wà níwájú òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ láti ha owó nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú lísìtì kankan pé ibi tí Dracula kù sí ni owó, lísìtì kàn máa sọ aáyù fún ẹ, á sọ àgbélébùú, á sọ igi tí wọ́n ń gún mọ́ àyà. Àmọ́ ọwọ́ tó ha owó yẹn sọ fún ẹ pé ó ń gbára lé èèyàn, ó ní láti sanwó fẹ́ni tó máa gbé ẹrù ẹ̀, kó sanwó ilé, kó sanwó ọkọ̀ ojú omi. Èmi ò lè ka ojú ìwé yẹn kí n má dá ọwọ́ dúró.

Ẹrù wo? Erùpẹ̀ ni. Ó ní láti sùn nínú erùpẹ̀ ibi tó ti wá, torí náà àádọ́ta àpótí erùpẹ̀ ló kó wọ ọkọ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wo bí agbára àti àìlera ṣe wé mọ́ra: erùpẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè kúrò nílé kó sì máa gbé nílùú àjèjì, erùpẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi mú un. Àwọn ọ̀tá ẹ̀ ò bá a gbéná wojú níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wá àpótí kiri, wọ́n ń bi àwọn tó gbé e léèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, wọ́n ń fi ohun mímọ́ sínú ẹ̀ kó má lè sùn síbẹ̀ mọ́. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n bà jẹ́. Ọ̀kan tó kù ló wọ̀ tó fi sá lọ. Nínú ìtàn àkọpọ̀, irú àìlera báyìí ni wúrà, torí iṣẹ́ ló ń fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń kọ. Ẹnìkan lè kọ alágbàṣe tó gbé àpótí, ẹnìkan lè kọ ọmọ tó rí ibi tí wọ́n gbé e gbà, ajagun ọ̀rẹ́ ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti wá ọ̀kan ṣoṣo. Oòrùn tó pa á lójú ẹsẹ̀ ò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ìtàn á kàn tán síbẹ̀.

Ó tún ní ọ̀kan tí mo rò pé ó jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Van Helsing sọ pé pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n Dracula, ọpọlọ ẹ̀ ṣì dà bíi tọmọdé láwọn ibì kan, pé ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ fún un rí ló máa tún ṣe. Láyé ọjọ́un tó ń jagun, tí wọ́n bá ṣẹ́gun ẹ̀ lójú ogun, ilé ló máa ń sá lọ kó lè tún múra. Nítorí náà nígbà tí wọ́n lé e ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti mọ̀ pé ilé ló ń lọ, wọ́n sì lọ dè é lọ́nà. Àṣà ọwọ́ ẹ̀ ló tú u fó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tẹ èyí mọ́ ẹ létí tó: tó o bá fẹ́ kí ẹ̀dá tó o yá jẹ́ ẹni gidi, wá ohun tó máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta láìronú. Ìyẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ lè fi mú un láìjẹ́ pé wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí ọgbọ́n ni wọ́n fi mú un, kò sẹ́ni tó rẹ́ òǹkàwé jẹ. Bó ṣe kú náà rèé, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lọ́, wọ́n ká a mọ́ inú àpótí ẹ̀ lẹ́bàá ilé olódi, ọ̀bẹ Harker gba ọrùn, ọ̀bẹ Quincey Morris, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn, gba àyà, ara ẹ̀ sì di eruku. Kò sí igi, kò sí iná.

Báyìí, ká dá ọ̀rẹ́ ẹ náà lóhùn, torí kò purọ́, Dracula míì ló mọ̀. Fíìmù kan wà tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1922, Nosferatu, F. W. Murnau ló darí ẹ̀. Ìtàn Dracula ni wọ́n yá láìgbàṣẹ, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Orlok, opó Bram Stoker gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1925 pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà ẹ̀. Wọn ò rí gbogbo ẹ̀ run. Nínú fíìmù yẹn ni oòrùn àárọ̀ ti pa á tó pòórá, ibẹ̀ ló sì ti ràn dé inú fíìmù lóríṣiríṣi títí gbogbo ayé fi gbà pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Nínú ìwé ńkọ́, ojúmọmọ ni Harker àti ìyàwó ẹ̀ rí i lójú títì ní Lọ́ńdọ̀nù tó dúró tó ń wo ọmọbìnrin kan, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Kì í ṣe Dracula nìkan nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Superman tó jáde ní 1938 ò lè fò bí ẹyẹ, ó kàn lè bẹ́ jìnnà tó ìdá kan nínú mẹ́jọ máìlì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí kò bá tó àdó olóró tó bú gbàmù ò lè gún awọ ẹ̀, ìyẹn ni pé àdó olóró lè gún un. Kryptonite, òkúta tó ń gba agbára lára ẹ̀, orí rédíò ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ ní 1943, 1949 ló tó wọ ìwé àwòrán. Achilles náà, jagunjagun Gíríìkì tí wọ́n ní gìgísẹ̀ nìkan ni nǹkan ti lè ràn án, nínú ewì Homer kò sí ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ rárá, ọ̀kọ̀ tiẹ̀ bà á lápá ẹ̀jẹ̀ sì jáde, ọ̀rọ̀ pé ìyá ẹ̀ rì í bọ omi, inú iṣẹ́ Statius ará Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù la ti ń kà á. Torí náà tẹ́nìkan bá sọ pé òun mú Superman wá, mo máa ń bi í pé tọdún wo? Ìwọ náà ì bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ti inú ìwé 1897 nìyí o. O ò sọ ọ́, ọ̀rẹ́ ẹ sì mú èyí tó mọ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn.

Ibi tí mo ti máa dá a lẹ́bi, ìwọ náà wà níbẹ̀, ìwọ lo tiẹ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. O kọ ọ́ pé ajagun ẹ̀ àtàwọn ọmọ ogun ẹ̀ lu ògiri. Ta ló fún ẹ láṣẹ? Ẹ̀dá tiẹ̀ ni wọ́n. O lè kọ pé Dracula na ọwọ́, pé ó fò mọ́ wọn, pé ojú ẹ̀ pọ́n, àmọ́ bóyá ọwọ́ yẹn bà wọ́n, òun ló ni kíkọ ẹ̀. Òun náà wá gbẹ̀san, ó kọ ikú ẹ̀dá tìẹ. Àwọn tó ń ṣe ìtàn àkọpọ̀ ń pè é ní godmodding, kéèyàn máa fi kálámù ara ẹ̀ kọ ìgbẹ̀yìn ẹ̀dá ẹlòmíì bíi pé òun nìkan ló dá ayé yẹn, ó sì máa ń dun èèyàn gan-an ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ, torí èèyàn ti fi oṣù mélòó kan tọ́ ẹ̀dá yẹn dàgbà. Ìjà oòrùn tẹ́ ẹ ń jà, mo rò pé ìyẹn gan-an ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o fi ajagun ẹ̀ sílẹ̀ kó yẹ̀ ọ́ fúnra ẹ̀ ni, bóyá ni ì bá nawọ́ sí kọ́tìnì.

Jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Nínú ìtàn àkọpọ̀ kan tí mo wà, ẹnìkan yá ẹ̀dá kan tó máa ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Ká tó kọ apá mẹ́fà, ìtàn ti kú sí wa lọ́wọ́. Olè ò lè jalè, ọ̀dàlẹ̀ ò lè dalẹ̀, kó o tó pète ẹ̀dá yẹn ti gbọ́. Àwọn kan ní ká gba agbára ọ̀hún kúrò lára ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tó mú kí ẹni yẹn fẹ́ràn ẹ̀dá náà tó fi yá a nìyẹn, ká kàn padà sínú ìwé tó ti wá ká wo ìgbà tó gbọ́ àti ìgbà tí kò gbọ́. A pín ìwé yẹn kà láàárín ara wa. A wá rí i pé gbogbo ìgbà tó gbọ́, ó ń wo ojú ẹni náà ni. Òǹkọ̀wé ò sọ ọ́ ní rúùlù o, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. La bá mú un bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ táwọn tó kù fi ń kọ àwọn ẹ̀dá tó kẹ́yìn sí i tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, ìyá kan tó ń fọ abọ́ tí kò gbójú sókè rárá, ọmọkùnrin kékeré kan tó di ojú ẹ̀ ṣinṣin tó ń kọrin títí ẹ̀dá yẹn fi kọjá lọ. Ọmọ tó dijú yẹn, mo ṣì ń rántí ẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó gba agbára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó yá ẹ̀dá náà gan-an ló dúpẹ́ jù, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó lè kọ nípa ìdánìkanwà ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹ̀.

Nǹkan kékeré méjì kí n tó padà sí ìjà yín. Àkọ́kọ́, agbára ò ní ìwọ̀n kan tó dúró, ayé tó o gbé e wọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó kù mú ẹ̀dá tó ń da iná lẹ́nu wá, ogún ọkùnrin ò tó nǹkan, tó bá sì jẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wọn, ó pọ̀ jù, ẹ ní láti jókòó sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ẹ wá ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yín lè ṣe tí Dracula ò lè ṣe. Èkejì, ilé ta ni ìjà yẹn ti ṣẹlẹ̀? Tó bá jẹ́ ilé ajagun yẹn ni, ta ló ní kó wọlé? Mo béèrè torí pé o ò sọ, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun mẹ́ta yẹn ló pè é wọlé lóru àná. Bi ọ̀rẹ́ ẹ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ogun tiẹ̀ ni, tó bá ní òun fẹ́, a jẹ́ pé ẹ ti ní ọ̀dàlẹ̀ láàárín yín láìsanwó.

Torí náà, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ. Màá kọ̀wé sí i lónìí pé èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ẹ̀dá rẹ fún ẹ, má bínú, mo ti yọ ògiri yẹn kúrò. Màá sọ Dracula tèmi fún un ní gbólóhùn mẹ́rin péré: ti ìwé ni, oòrùn kì í pa á, lójúmọmọ kò lè pa ara dà àfi tó bá di ọ̀sán gangan, tí kò bá rí ọ̀nà, sísá ló máa ń sá, kì í dúró jà. Màá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kọ́tìnì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, torí kọ́tìnì yẹn dáa, kó kàn jẹ́ kí n gbà á látibẹ̀. Wo bí mo ṣe máa kọ ọ́:

"Oòrùn bò ó lójú. Kò jóná. Ó gbé ọwọ́ ara ẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì, ó ń dúró de kùrukùru, kùrukùru ò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo idà tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn dáadáa. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí. Nínú yàrá kejì, aago ń dún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu méjìlá."

Dúró síbẹ̀, má kọ bóyá ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́, má kọ bóyá ajagun yẹn gbọ́ aago. Fi ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, tiẹ̀ ni.